Regine Untch Ò Tú Ọ̀rá Kalẹ̀

Ní àárọ̀ Sátidé, tí aago bá ti lu méje, agogo kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ṣọ́ọ̀ṣì Lerchendorf: kéń-kéń, kéń-kéń, bí ewúrẹ́ tó ń wúkọ́. Agogo ńlá, ti Ọlọ́run nìyẹn. Ti kékeré yìí, ti ikùn ni.

Kó tó ké tán, ẹnì kan á ti jáde láti ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀bẹ àti abọ́, á gòkè lọ síbi ṣọ́ọ̀ṣì, á gba abẹ́ odi kọjá, á lọ tò sídìí ilé-ìṣọ́ tó kọjú sí àríwá. Regine Untch á ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Á ti ṣílẹ̀kùn, á ti jókòó sórí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á ti ki irin òǹtẹ̀ bọ inú ìkòkò ẹ̀yinná, ojú ẹ̀ á le bí ojú adájọ́ tí ò tíì jẹun àárọ̀.

"Nọ́ńbà ilé?" Bó ṣe máa ń bèèrè nìyẹn, àní lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ṣeré erùpẹ̀.

"Regine, ṣebí o mọ̀ mí."

"Mo mọ ojú ẹ. Nọ́ńbà ilé ni mo bèèrè."

Inú ilé-ìṣọ́ yẹn ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ gbogbo abúlé ń gbé. Tí wọ́n bá pa ẹlẹ́dẹ̀ ṣáájú Kérésì, wọ́n á fi iyọ̀ ra ìhà ẹ̀ dáadáa, wọ́n á yan án lórí èéfín, wọ́n á gbé e gun àtẹ̀gùn lọ kọ́ sórí ìkọ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé wọn sí. Ìkọ́ kan, ilé kan. Tó bá di Sátidé, o gé ìwọ̀n tó o máa jẹ lọ́sẹ̀ náà, Regine á fi irin gbígbóná tẹ ojú ibi tó o gé: ṣìììì. Òórùn á gbalẹ̀ kan. Bí ẹnì kan bá yọ́ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ tó gé ti ẹlòmíì, á gé òǹtẹ̀ mọ́ ọn lọ ni, gbogbo ayé á sì rí i. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà ayé ìyá-ìyá Regine. Títí dòní, tí ọmọ ilé ọ̀hún bá ń kọjá, ẹnì kan á ṣáà rọra fi ẹnu ṣe é: "Ṣìììì."

Ẹ má sì rò pé ahéré lásán ni ilé-ìṣọ́ náà. Ògiri ẹ̀ nípọn débi pé Baba Zikeli, tó ń gbé ilé kejìlá, dùbúlẹ̀ sójú ihò fèrèsé ẹ̀ lọ́jọ́ kan, orí ẹ̀ ò yọ síta, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yọ sínú. Òótọ́ ni pé ó ti mutí yó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ìwọ̀n. Àwọn ihò fèrèsé ọ̀hún fẹ̀ nínú, wọ́n tín-ín-rín níta, ọ̀bẹ lè gbà á kọjá, orí ò lè gbà á. Afẹ́fẹ́ àríwá ló ń gba ibẹ̀ wọlé tọ̀sán-tòru, ìyẹn ni ọ̀rá kì í fi í bàjẹ́ níbẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ooru oṣù keje.

Ṣọ́ọ̀ṣì ti wà kí odi tó wà. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ abúlé yìí dó fi kẹ̀kẹ́ màlúù kó ẹrù wọn wá láti ọ̀nà jíjìn ní ìwọ̀-oòrùn. Òkúta odò ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì ṣe orí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ní ìlàjì róbótó, bí òṣùmàrè. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wá gbọ́ pé àwọn ará ìlú ńlá ti ń ṣe fèrèsé tó ṣe ṣóńṣó lórí. Áà, àwọn nìkan kọ́! Wọ́n dá ògiri lu, wọ́n ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀ wọ́ sápá òsì títí dòní, torí ẹni tó gbẹ́ ẹ ò fojú rí ti ìlú ńlá rí, wọ́n kàn ròyìn ẹ̀ fún un ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹlẹ́ṣin bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlà-oòrùn ya wọlé, wọ́n ń sun abúlé, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú. Ni abúlé bá mọ odi yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, wọ́n kọ́ àjà ogun lé orí ibi pẹpẹ, wọ́n dá ihò sí i lẹ́nu, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà da omi híhó lé ẹni tó bá fẹ́ gun ògiri lórí. Ọlọ́run ń gbé ìsàlẹ̀, ọlọ́fà ń gbé òkè, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà.

Ìyá Regine ló máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n dó ti abúlé yìí pẹ́ jù, oṣù méjì gbáko ni gbogbo wọn fi wà nínú odi, ọ̀rá ni wọ́n ń yan jẹ lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀tá níta, hóró ọkà gbígbẹ ni wọ́n ń họ jẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn lọ bá wọn.

"Kì í ṣe ọfà ló lé wọn lọ," màmá á ní. "Itọ́ ẹnu ni."

Ilé kẹtàlélógójì ni wọ́n bí Regine sí, ọmọ kan ṣoṣo. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ogun àgbáyé ń parí lọ, ni àwọn ológun bá wọ abúlé nínú yìnyín oṣù kìíní. Wọ́n ka orúkọ àwọn ọ̀dọ́ látinú ìwé, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó ẹran, ó di ìlà-oòrùn, ó di abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ nílé ni. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni Regine fi wa èédú. Àwọn méjì tí wọ́n jọ lọ láti òpópónà kan náà ò padà wá mọ́.

Ìyá ẹ̀ ti kọ́ ìhà ẹlẹ́dẹ̀ Kérésì ọdún yẹn sórí ìkọ́ wọn nílé-ìṣọ́. Ó kọ̀, kò gé e. Ebi pa abúlé lọ́dún kejì, àwọn èèyàn ń se ewé jẹ, wọ́n wá bá a.

"Màmá, ẹ tú ọ̀rá yẹn kalẹ̀ ká jọ jẹ ẹ́ o. Ọmọ yẹn ti lọ."

"Ti Regine ni."

"Ṣé ẹ rí lẹ́tà gbà ni?"

"Mi ò rí lẹ́tà. Ọjọ́ tí mo bá tú u kalẹ̀ ni mo gbà pé ó kú. Ẹ bá mi fọwọ́ kan án, kẹ́ ẹ rí mi."

Sátidé tí Ọlọ́run dá, ìyá yìí á gun àtẹ̀gùn, á wo ọ̀rá, á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Nígbà tí Regine padà dé, ó ti gbẹ bí igi ìdáná, irun orí ẹ̀ ti ré. Ìyá ẹ̀ ò dì mọ́ ọn. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó ní, "Tẹ̀ lé mi." Ọ̀rá náà ti pọ́n bí àbẹ́là, ara ẹ̀ le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé e, inú ẹ̀ funfun, ó ń dán. Regine jẹ ẹ́ lórí ìdúró pẹ̀lú àlùbọ́sà, omijé ń ya sẹ́nu ẹ̀, kò nù ún, ó ní ó fi kún iyọ̀ ẹ̀ ni.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé obìnrin kan forí gbárí pẹ̀lú ìjọba nítorí ọ̀rá, ẹ má kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Mathias Untch ló fẹ́ ẹ, ọmọ olùṣọ́ ilé-ìṣọ́. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Mo ní yàrá méjì nínú odi. Mo ní àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Ṣé ó ń jò?"

"Díẹ̀."

"Ó da."

Mathias ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ẹfun mọ́ yanrìn odò, bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ sára ògiri kí ògiri lè máa mí. Òun ló fi àwọn ẹlẹ́rìí hàn án. Ògiri ilé-ìṣọ́ là láti ìsàlẹ̀, ojú ibi tó là fẹ̀ tó ìka kan. Tí ilẹ̀ bá ti mì tìtì, olùṣọ́ á lẹ ẹfun pẹlẹbẹ kan dábùú ojú ibi tó là, bí ìgbà tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ojú egbò, á fi ìṣó kọ ọdún sí i. Tí ògiri bá tún rìn, ẹfun á là, wọ́n á mọ̀. Tí ò bá là, ẹ lọ sùn. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti 1838 là ní 1916. Ti 1916 là ní 1940. Ti 1940, Mathias fúnra ẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò tíì là.

Mathias kú ní 1971. Kí wọ́n tó bomi sórí òdòdó ibojì ẹ̀, alága ìjọ ti dé. Andreas Barthmes ni alága, aṣọ ẹ̀ kì í rún, ọ̀fun ẹ̀ kì í sinmi. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ ha á: "Hẹ̀m̀-hẹ̀m̀." Á wá dà bíi kéèyàn máa retí kí ẹ̀rọ ìlọta tàn.

"Hẹ̀m̀-hẹ̀m̀. Ẹ̀gbọ́n Regine, ìgbìmọ̀ jókòó. Ẹ ẹ́ bá wa di kọ́kọ́rọ́ ilé-ìṣọ́ mú títí a ó fi rí ọkùnrin kan."

"Kí ni ọkùnrin ọ̀hún máa wá ṣe?"

"Hẹ̀m̀. Bó ṣe wà látayébáyé ni. Obìnrin kì í—"

"Andreas, èmi ni mo nu imú ẹ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa wá ọkùnrin yín. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni àtẹ̀gùn, kó gbé oúnjẹ dání."

Ọdún mẹ́ta kọjá, wọn ò rí ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin tí orúnkún wọn ṣì dáa, Jámánì ni wọ́n ń fẹ́ lọ.

Bí yìnyín 1974 ṣe yọ́ tán báyìí, ẹnjiníà kan dé láti ìlú ńlá. Stavarache lorúkọ ẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà tó ń dán, ó sì ní pẹ́ńsù kan tó fi ń gbá eyín: tọ́, tọ́, tọ́. Ìjọba ló ní kó wá tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ó wo fèrèsé tó wọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo àjà ogun, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá wọ ilé-ìṣọ́, òórùn gbá a lójú.

"Àǹtí, kí lèyí?"

"Ọ̀rá ni."

"Mo rí i pé ọ̀rá ni." Tọ́, tọ́. "Kí ló ń ṣe níbí? Ibí yìí kì í ṣe ilé ìdáná. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni."

"Ọdún mélòó lẹ rò pé wọ́n ti ń kọ́ ọ̀rá síbí?"

"Ó lè tó ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún."

"Ọ̀rá náà ti di ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ, ó kà á sétí ìgbìmọ̀ ìjọ nírọ̀lẹ́: kí wọ́n kó gbogbo ọ̀rá jáde kó tó di Àjíǹde, wọ́n á dí àwọn ihò fèrèsé pa, wọ́n á fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri nínú látòkè délẹ̀ kó má bàa wó, wọ́n á tilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́dọ̀ àwọn ní ìlú ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó kọ̀wé.

"Kọ̀wé?" Regine ní. "Kí n kọ̀wé kí n tó rí ọ̀rá mi?"

"Hẹ̀m̀-hẹ̀m̀," Barthmes ní. "Ẹ̀gbọ́n, ayé ti yí. Fíríìjì ti dé. Wọ́n máa fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì wa sínú ìwé ìròyìn."

"Fọ́tò ẹ ni wọ́n máa fi síbẹ̀, Andreas. Ṣọ́ọ̀ṣì máa wà lẹ́yìn ẹ."

Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò ràn án lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tú ọ̀rá wọn kalẹ̀. Wọn ò wo ojú ẹ̀. "Regine, ọmọ wa ń dúró de ìwé ìrìnnà, a ò fẹ́ wàhálà." "Regine, ìwọ náà mọ bó ṣe rí." Baba Zikeli ló gbẹ́yìn, ó gbé tiẹ̀ lé èjìká, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń bú ara ẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàlélọ́gọ́ta èébú, kò pe ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di Àjíǹde, ìkọ́ kan ṣoṣo ni nǹkan ń bẹ lórí ẹ̀: nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì, ti Regine.

Regine mọ ohun tó wà nílẹ̀. Tí ọ̀rá yẹn bá sọ̀, ilé-ìṣọ́ ti kú nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ á lọ, kò sì sẹ́nì kan tó máa kọ̀wé. Ló bá gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdé lẹ́yìn Àjíǹde ló gbin ànàmọ́, oko ẹ̀ sì jìnnà. Ó sùn sọ́dọ̀ ìbátan ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ Stavarache ti ja ilẹ̀kùn, wọ́n ti rẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ pátá, wọ́n ti dí ihò fèrèsé ibẹ̀ pa. Símẹ́ńtì tán lọ́wọ́ wọn ni wọn ò fi gòkè. Regine wọlé, ó fọwọ́ kan ògiri. Ó ń yọ̀, ó tutù bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Ó wá ojú ibi tó là, kò rí i. Ó wá ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò rí wọn. Símẹ́ńtì aláwọ̀ eérú ló bo iṣẹ́ ọwọ́ Mathias mọ́lẹ̀.

Ó dúró di ọjọ́ Sọ́ńdè, kí ìsìn tán, kí gbogbo èèyàn wà lábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Stavarache wà níbẹ̀, wọ́n ti fún un ní ọtí èso, ẹnu ẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹnjiníà, ògiri yín yẹn, ṣé ó dáa?"

"Àǹtí, ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó mọ́, ó tutù, omi ò lè gbà á wọlé."

"Ọ̀rá á lè gbé ibẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọba gan-an lè gbé ibẹ̀."

"Ó da. Andreas!" Ó yíjú sí alága. "O ní ọ̀rá tuntun nílé, mo mọ̀, ìyàwó ẹ ń fi yangàn. Gbé e wá kọ́ sí yàrá símẹ́ńtì nísàlẹ̀. Tèmi wà lókè níbi ẹfun. Ó di Sátidé Pẹ́ńtíkọ́sì. Tí tìẹ bá ṣì dáa lọ́jọ́ náà, màá fi ọwọ́ ara mi gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnjiníà, màá sì kó kúrò nínú odi."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?" Baba Zikeli ló bèèrè.

"Tó bá bàjẹ́, màá ya símẹ́ńtì yẹn dànù."

Barthmes ò bá kọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sì ti dáhùn: "Ọ̀rá tèmi? Ọ̀rá tèmi kì í bàjẹ́!" Ó parí. Stavarache ní tiẹ̀, símẹ́ńtì míì ò ní dé kó tó di Pẹ́ńtíkọ́sì, ó gbọn ọwọ́, ó ní kí wọ́n máa ṣeré.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ kìíní, Barthmes ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń fi orin ẹ̀mí súfèé. Lọ́sẹ̀ kẹta, súfèé dákẹ́. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó wá bá Regine lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìṣọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ̀rọ̀ láìha ọ̀fun, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí Regine mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo lè bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́ pé kẹ́ ẹ máa gbé yàrá yín lọ láìsan nǹkan kan. Ẹ sáà fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé ó ti ń rùn ni?"

"Ta ló sọ pé ó ń rùn?"

"Ìwọ. O ń fi ẹnu mí."

"Ẹ̀gbọ́n Regine, wọ́n á fi yín ṣẹ̀sín. Ìlú ńlá lẹ fẹ́ bá jà yìí o!"

"Andreas, mo ti wa èédú fún àwọn tó tóbi ju ìlú ńlá lọ. Lọ sílé. Sátidé Pẹ́ńtíkọ́sì, agogo á dún."

Agogo dún. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀rá tó fẹ́ gé, síbẹ̀ gbogbo wọn wá, àní àwọn tí wọn kì í jí. Stavarache wà níbẹ̀ pẹ̀lú lọ́rì símẹ́ńtì tuntun. Regine ti ki irin bọ ẹ̀yinná.

"Nọ́ńbà ilé?" Ó bi alága.

"Hẹ̀m̀-hẹ̀m̀. Ẹ̀gbọ́n—"

"Nọ́ńbà ilé!"

"Mẹ́jọ."

"Gé e."

Barthmes wọlé. Omi ń sun lára ògiri bí òógùn lójú ẹni tó ń purọ́. Ó gbé ọ̀rá jáde sínú oòrùn, ó ti di àwọ̀ ewé, ó ń fà bí ikun. Ó gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n má ròyìn ohun tó ń rìn nínú ẹ̀. Ìyàwó Barthmes fi aṣọ bo ojú. Regine mú irin pípọ́n wá síwájú ẹ̀, ó wò ó, ó dá irin padà sínú ìkòkò.

"Mi ò lè tẹ èyí. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Lẹ́yìn náà ló gòkè, ó gé tiẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbé e kiri síwájú imú ẹnì kọ̀ọ̀kan, funfun, dídán. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà.

"Àǹtí, ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀rí," Stavarache ní. Tọ́, tọ́. "Àṣẹ ti wà nílẹ̀. Símẹ́ńtì á gòkè lónìí."

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Kó má bàa ta sí bàtà yín."

Abẹ́ àpótí ẹ̀ ló ti fa òòlù yọ. Gbàù! Gbàù! Símẹ́ńtì ń ya ní páálí-páálí. Stavarache ń ké pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó ń bèèrè orúkọ ẹ̀, ó ti na pẹ́ńsù sórí ìwé.

"Regine Untch! Ilé kẹtàlélógójì! Ẹ kọ ọ́ kó ṣeé kà!"

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́. Ìyẹn náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Baba Zikeli ló wá bọ́ kóòtù ẹ̀, ó ní èjìká ń dun òun láti ọjọ́ tóun ti gbé ọ̀rá sọ̀ kalẹ̀, ó gbé irin ìwalẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹlòmíì. Ní ọ̀sán, wọ́n ti dé ojú ibi tó là. Ẹlẹ́rìí 1838 àti 1916 bá símẹ́ńtì ya lọ, wọ́n fọ́ yángá sílẹ̀. Ti 1940 kù ìlàjì. Regine di èyí tó fọ́ mú, ó ṣa ìyókù sínú abọ́.

"Ó tán o," Barthmes ní. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ojú ń tì í ni. "Báwo la ṣe máa mọ̀ tó bá ń rìn báyìí?"

"Bí wọ́n ṣe mọ̀ nígbà tí kò sí ọ̀kankan níbẹ̀." Ó po ẹfun, ó lẹ tuntun dábùú ojú ibi tó là, ó fi ìṣó kọ 1974 sí i. "A tún bẹ̀rẹ̀ látòní. Kí ẹnì kankan má fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ."

Kí ọdún tó yí, ìkọ́ mẹ́rìnlélógún ló ti ní ọ̀rá lórí. Lẹ́tà ìlú ńlá dé ṣáájú Kérésì: aṣojú kan á wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé-ìṣọ́ ní Lerchendorf, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì fi èdìdì dì í. Ọjọ́ tí wọ́n dá, kàyéfì, Sátidé ni.

Ọkùnrin náà dé ní aago mẹ́jọ, ó sanra, ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Regine dìde kí i dáadáa.

"Màmá, kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà."

"Òun ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kì í ṣe tèmi, òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí lókè ibẹ̀ yẹn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tilẹ̀kùn ilé-ìṣọ́ tí èèyàn bá wà lókè. Baba kan ń gé ọ̀rá. Ẹ jókòó."

Ọkùnrin náà ka òkúta. Òótọ́ ni. Ó jókòó. Baba Zikeli gé ọ̀rá fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn tó gbẹ́yìn, ìyàwó Barthmes ti fi tiẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Wọ́n gé ọ̀rá lọ́jọ́ yẹn tó fi fẹ́lẹ́ bí ewé ìwé orin, èèyàn lè kàwé láti ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn kan gbàgbé ọ̀bẹ, wọ́n padà wá mú un. Àwọn kan gbàgbé abọ́. Barthmes alára gòkè lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lórí ìkọ́ kẹjọ.

"Alága, kí lẹ ń gé?" ọkùnrin náà bi í.

"Hẹ̀m̀-hẹ̀m̀. Mo ń wo bóyá ó ti dé ni."

Lọ́sàn-án, Regine gbé búrẹ́dì àti àlùbọ́sà wá fún àlejò, ó gé ọ̀rá tiẹ̀ sí i nípọn-nípọn. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́, ó tún jẹ. Ó gbójú sókè wo ihò fèrèsé tín-ín-rín wọ̀nyẹn, ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí oòrùn ń lọ, awakọ̀ ẹ̀ fọn fèrè, torí yìnyín ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Lókè, wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ̀bẹ ẹnì kan: ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́.

"Màmá," ọkùnrin náà ní, "kí ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ ọ́ pé a ò tíì gé e tán."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán ẹlòmíì wá. Òun náà jẹun.